Ẹ̀kọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún: Dírónì tó já sínú oko ọ̀pẹ

Kí a tó kàwé

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ti rí nǹkan he rí? Bóyá kálámù ni. Bóyá owó sẹ́fà ni. Bóyá bàtà ẹsẹ̀ kan ni. Kí lẹ ṣe sí i? Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fetí sí ohun tí òun náà máa sọ.

Lónìí, a ó kà nípa ohun kan tó ń fò lókè, tó sì sọnù. A ó mọ ohun tó jẹ́. A ó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. A ó sì mọ ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe bó bá rí i.

1. Kí ni dírónì?

Dírónì jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kékeré. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ẹni tó ń darí rẹ̀ dúró sórí ilẹ̀. Ó di ẹ̀rọ ìdarí mú lọ́wọ́. Bó bá fẹ́ kí dírónì lọ sí ọ̀tún, á lọ sí ọ̀tún. Bó bá fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀. Ní èdè Faransé, orúkọ rẹ̀ ni drone.

Ọ̀pọ̀ dírónì kékeré ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin. Abẹ̀bẹ̀ wọ̀nyí ń yí kíákíá, wọ́n sì ń gbé e sókè. Bó bá ń fò, ó ń kùn bí oyin. Bátìrì ló ń fún un ní agbára. Kámẹ́rà wà lábẹ́ rẹ̀. Kámẹ́rà yìí ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè. Káàdì kékeré kan wà nínú rẹ̀, tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Inú káàdì náà ni àwòrán ń wọlé sí.

Dírónì kì í ṣe ohun ìṣeré lásán. Ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ní orílẹ̀-èdè Rwanda, láti ọdún 2016, dírónì ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí àwọn ilé ìwòsàn tó jìnnà. Ọ̀nà ibẹ̀ kún fún òkè, mọ́tò kì í sì í tètè dé. Dírónì á fò kọjá lórí òkè. Bó bá dé ilé ìwòsàn, á sọ àpótí kan sílẹ̀. Nǹkan kan á ṣí lórí àpótí náà bí agboòrùn, á sì balẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní ọdún 2019, irú iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Gánà náà.

Dírónì tún ń ṣiṣẹ́ lórí oko. Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ tiwa. Pobè ni olú ìlú ẹkùn Plateau. Sakété wà ní ẹkùn yìí náà, pẹ̀lú Kétou, Adja-Ouèrè àti Ifangni. Ilẹ̀ wa jẹ́ ilẹ̀ ọ̀pẹ. Láti ọdún 1922 ni ibùdó kan ti wà ní Pobè, tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí nípa ọ̀pẹ. Bí ènìyàn bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ wọn oko ọ̀pẹ ńlá, ó lè rìn láti àárọ̀ di alẹ́. Dírónì lè ya àwòrán oko náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Kì í ṣe ẹni tó bá wù ló lè máa fò dírónì. Ní orílẹ̀-èdè wa, ẹni tó bá fẹ́ fò ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan wà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú. ANAC ni orúkọ rẹ̀.

2. Báwo ni dírónì ṣe ń sọnù?

Bátìrì dírónì kékeré kì í pẹ́ kó tó tán. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 lọ. Bí bátìrì bá fẹ́ tán, dírónì mìíràn á mọ̀ fúnra rẹ̀, á sì yí padà sí ibi tó ti gbéra. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ń tì í sẹ́yìn, ó lè má délé.

Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ máa ń le. Ó lè ti dírónì lu igi. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, dírónì á jìnnà jù. Kò ní gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ìdarí ń sọ mọ́.

Bí dírónì bá já bọ́, fóònù olówó rẹ̀ lè fi hàn án ibi tó wà kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n fóònù kò lè rí abẹ́ koríko. Imọ̀ ọ̀pẹ lè bò ó. Olówó rẹ̀ lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó má rí i. Nígbà náà, ó di ọwọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ó lè di ọwọ́ yín, ẹ̀yin ọmọ.

3. Ìtàn: Ọ̀sán Ọjọ́rú ní oko Ìyá àgbà

Ìtàn àfiṣe ni ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ó lè ṣẹlẹ̀ ní abúlé yín lọ́la.

Táyé àti Kẹ́hìndé jẹ́ ìbejì. Táyé jẹ́ obìnrin, Kẹ́hìndé jẹ́ ọkùnrin. Kíláàsì CE1 ni wọ́n wà. Abúlé wọn wà láàárín Pobè àti Sakété.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, kò sí ilé ìwé. Wọ́n tẹ̀lé Ìyá àgbà lọ sí oko ọ̀pẹ. Ìyá àgbà ń ṣa ẹyìn tó já sílẹ̀. Àwọn ọmọ ń bá a kó o sínú agbọ̀n.

Lójijì, wọ́n gbọ́ ìró kan lókè. Hùùùùù! Wọ́n gbójú sókè. Nǹkan funfun kan ń fò lórí àwọn ọ̀pẹ. Ó lọ, ó bọ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà. Nǹkan náà yẹ̀ sí òsì, ó yẹ̀ sí ọ̀tún. Ó lu imọ̀ ọ̀pẹ. Kàà! Ó já bọ́ sínú koríko.

Kẹ́hìndé sáré lọ síbẹ̀.

Táyé kígbe pé, "Dúró! Má fọwọ́ kàn án!"

Abẹ̀bẹ̀ kan ṣì ń yí. Wọ́n dúró títí ó fi dákẹ́. Abẹ̀bẹ̀ kejì ti ṣẹ́. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lára nǹkan náà.

Kẹ́hìndé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò rí wa. Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lọ́jà Pobè á rà á. A ó fi owó rẹ̀ ra bọ́ọ̀lù. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo bá sọ ni."

Táyé mi orí. Ó ní, "A kì í ta ohun tí kì í ṣe tẹni."

Kẹ́hìndé dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. Ó ní, "Táyé, abẹ̀bẹ̀ kan ti ṣẹ́. Bí a bá mú un lọ sílé, wọ́n á ní àwa la fọ́ ọ. Wọ́n á ní kí Ìyá àgbà sanwó. Níbo ni Ìyá àgbà ti fẹ́ rí owó? Jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbí. Ká ṣe bí ẹni pé a ò rí i."

Táyé kò mọ ohun tó máa sọ. Ẹ̀rù ń ba òun náà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe?

Ìyá àgbà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó sì wá sọ́dọ̀ wọn.

Ó bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin lẹ fọ́ ọ?"

"Rárá, Ìyá àgbà."

"Ta ló rí i nígbà tó ń já bọ́?"

"Àwa méjèèjì, Ìyá àgbà."

"Èmi náà rí i. Ẹ̀rí mẹ́ta nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó fi nǹkan pamọ́ ni wọ́n ń fura sí. Ẹni tó gbé e jáde lójú gbogbo ènìyàn, òótọ́ á gbèjà rẹ̀."

Ìyá àgbà ní kí wọ́n wo ibẹ̀ dáadáa, kí wọ́n má baà gbàgbé. Kẹ́hìndé ka àwọn ọ̀pẹ. Ó ní, "Ọ̀pẹ keje láti ẹ̀bá ọ̀nà ni." Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló gbé nǹkan náà. Kò tẹ bọ́tìnì kankan. Ó gbé e rọra sínú agbọ̀n tó ṣófo. Ó gbé e jìnnà sí iná. Wọ́n sì lọ sí ilé olórí abúlé.

4. Ní ilé olórí abúlé

Kẹ́hìndé dọ̀bálẹ̀, Táyé kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ káàsán o, Bàbá."

Olórí abúlé dáhùn pé, "Ẹ káàsán, ẹ̀jìrẹ́. Ṣé kò sí?"

Ìyá àgbà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Olórí abúlé mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó kọ ọjọ́ àti wákàtí sínú rẹ̀. Ó kọ orúkọ àwọn tó rí i. Ó kọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ó kọ ọ́ pé: Abẹ̀bẹ̀ kan ti ṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e. Ó ka á sókè fún wọn. Kẹ́hìndé mí kanlẹ̀.

Olórí abúlé fi aṣọ bo dírónì náà. Ó ní kí akéde lu agogo káàkiri abúlé. Akéde ń ké pé, "Ẹni tó bá sọ nǹkan nù lóko, kó wá sí ilé olórí abúlé o!"

Kò sọ pé dírónì ni. Kò sọ àwọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, kí ló dé tí kò sọ ọ́? Ó ní ìdí. Ẹ máa kà á lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá. Àwọn ọmọdé ti sọ ọ̀rọ̀ náà káàkiri ọ̀nà. Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo gbọ́ pé dírónì mi wà lọ́dọ̀ yín."

Olórí abúlé bi í pé, "Àwọ̀ wo ni?"

"Dúdú ni, Bàbá."

"Kí ni nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ họ orí. Kò lè dáhùn. Olórí abúlé ní, "Ó dàárọ̀ o." Ọkùnrin náà gun ọ̀kadà rẹ̀, ó sì lọ.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí àwọn ọmọ tó lọ sí ilé ìwé, ọ̀dọ́bìnrin kan dé láti Sakété. Ẹrẹ̀ wà ní bàtà rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, nítorí kò sùn. Ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Dírónì mi sọnù lánàá. Fóònù mi fi hàn pé ẹ̀bá abúlé yín ló wà kẹ́yìn. Mo wá a títí ilẹ̀ fi ṣú."

"Àwọ̀ wo ni, ọmọ mi?"

"Funfun ni, Bàbá. Mo fi téèpù búlúù wé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé mi. Ẹ wò ó."

Olórí abúlé ṣí aṣọ náà. Dírónì funfun ni. Téèpù búlúù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé ti inú ìwé. Méjèèjì bára mu.

Ọ̀dọ́bìnrin náà ní, "Ọpẹ́ o! Áà, abẹ̀bẹ̀ kan ti ṣẹ́." Ó yíjú sí àwọn ọmọ. "Ṣé ẹ̀yin lẹ..."

Àyà Kẹ́hìndé já. Kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ò fọ́ ọ! Imọ̀ ọ̀pẹ ló lù. Ọ̀pẹ keje láti ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ wá wò ó!"

Ọ̀dọ́bìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo fẹ́ bi yín bóyá ẹ̀yin lẹ rí i ni. Abẹ̀bẹ̀ kì í wọ́n. Òmíràn wà nínú àpò mi. Ohun tí n kò lè rà lọ́jà ni àwòrán tó wà nínú rẹ̀."

Ó ṣàlàyé fún wọn. Ẹbí méjì ń jà lórí ààlà oko. Ẹbí kìíní ní àwọn ló ni ìlà ọ̀pẹ mẹ́ta kan. Ẹbí kejì ní àwọn ni. Wọn kò kí ara wọn mọ́. Níkẹyìn, wọ́n gbà kí ẹnì kan wá wọn ilẹ̀ náà. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì san án fún un. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa pàdé láti wo àwòrán.

Ó ní, "Bí n kò bá rí dírónì yìí, kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Wọ́n á ní mo ti jẹ owó wọn. Wọ́n á sì padà sí ìjà. Kẹ́hìndé, ẹ̀rù tó bà ọ́, òun náà ló bà mí ní gbogbo òru."

Ó yọ káàdì kékeré náà, ó fi í sínú fóònù rẹ̀. Ó fi àwòrán hàn wọ́n. Láti òkè, orí ọ̀pẹ dà bí ìràwọ̀ aláwọ̀ ewé. Wọ́n tò lọ bẹẹrẹ. Lẹ́yìn náà, ó ṣí àwòrán tó kẹ́yìn. Àwọn ènìyàn kéékèèké mẹ́ta wà níbẹ̀. Ọ̀kan di agbọ̀n mú. Àwọn méjì yòókù gbójú sókè, wọ́n la ẹnu sílẹ̀.

Táyé pariwo pé, "Àwa nìyí!"

Ọ̀dọ́bìnrin náà fẹ́ fún wọn lówó. Ìyá àgbà ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Fi owó rẹ pamọ́. Ṣùgbọ́n lọ sí ilé ìwé wọn lọ́jọ́ kan, kí o sọ nípa nǹkan yìí fún àwọn ọmọ. Èyí á tó wa."

Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹbí méjèèjì jókòó pọ̀, wọ́n wo àwòrán náà. Wọ́n ka ìlà ọ̀pẹ pọ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀dọ́bìnrin náà wá sí ilé ìwé. Ó fa ìlà sílẹ̀, gbogbo ọmọ sì dúró sẹ́yìn ìlà. Abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin yí. Hùùùùù! Ta ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́? Kẹ́hìndé ni.

5. Agogo ọwọ́ tí mo rí he

Ẹ̀yin ọmọ, èmi tí mo kọ ẹ̀kọ́ yìí náà ti rí nǹkan he rí. Mo kéré nígbà náà, bí tiyín. Mo rí agogo ọwọ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo fi í sápò. Mo tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ẹní mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Lóru, mo máa ń gbé e sí etí. Ó ń dún kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́. Inú mi ń dùn, ṣùgbọ́n n kò lè sùn dáadáa.

Ní ọjọ́ kẹrin, ara àbúrò mi gbóná. Ìyá mi gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Mo tẹ̀lé wọn. Nọ́ọ̀sì di ọrùn ọwọ́ àbúrò mi mú. Ó wo ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó ní, "Mo ti sọ agogo mi nù. Òun ni mo fi ń ka bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù."

Mo sáré délé. Mo gbé agogo náà wá. Mo kúnlẹ̀, mo sì na án sí i. Omi wà lójú mi. Nọ́ọ̀sì kò lù mí, kò sì bú mi. Ó dè é mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó di ọwọ́ àbúrò mi mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí nǹkan he, mo máa ń bi ara mi léèrè pé: Iṣẹ́ ta ló dúró nítorí ohun yìí? Ẹ̀yin náà, ẹ máa bi ara yín bẹ́ẹ̀.

6. Bí ìwọ bá rí dírónì

Kìíní: Dúró. Má sáré fọwọ́ kàn án. Abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lè gé ọmọ níka.

Èkejì: Bó bá wà lórí igi tàbí lórí wáyà iná, má gùn ún lọ bá a. Má sọ òkúta sí i.

Ẹ̀kẹta: Pe àgbàlagbà. Ó lè jẹ́ òbí rẹ tàbí olùkọ́ rẹ.

Ẹ̀kẹrin: Má tú bátìrì rẹ̀. Bátìrì tó ti wú tàbí tó ti fọ́ lè gbiná lójijì. Má gbé e sí ẹ̀bá iná, má sì gbé e sínú oòrùn. Má jù ú sínú omi.

Ẹ̀karùn-ún: Rántí ibi tí o ti rí i àti ìgbà tí o rí i. Àgbàlagbà á kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹfà: Kí àgbàlagbà mú un lọ sọ́dọ̀ olórí abúlé tàbí olórí àdúgbò, tàbí sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Èkeje: Má sọ àwọ̀ rẹ̀ tàbí nọ́ńbà rẹ̀ káàkiri. Ẹni tó bá ni ín ló máa sọ ọ́.

7. Àwọn bàbá wa àti ohun ọlọ́hun

Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ lè kó iṣu tàbí ọsàn sí ẹ̀bá ọ̀nà, kó sì padà sínú oko. Á to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú ọjà rẹ̀. Iye òkúta náà ni iye owó ọjà. Ẹni tó ń kọjá á ka òkúta, á sọ owó sílẹ̀, á sì gbé ọjà lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, àgbẹ̀ á wá kó owó rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ ọjà náà. Ìwà àwọn ènìyàn ló ń ṣọ́ ọ.

Dírónì jẹ́ nǹkan tuntun. Ìwà tí a fi ń dá a padà kì í ṣe tuntun.

Òwe

Ẹni tó rí nǹkan he, tó fẹ́ kú nítorí rẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ nù ńkọ́?

Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí: Bí ohun tí o rí lọ́fẹ̀ẹ́ bá dùn mọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀, tí o kò fẹ́ fi í sílẹ̀, ronú nípa ẹni tó fi owó rẹ̀ rà á. Báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe máa dùn ún tó?

Ọ̀rọ̀ tuntun

Rí he: kí ènìyàn rí ohun tó sọnù nílẹ̀, kó sì mú un.
Abẹ̀bẹ̀ dírónì: ohun pẹlẹbẹ tó ń yí, tó ń gbé dírónì sókè.
Ẹ̀rọ ìdarí: ohun tí a dì mọ́wọ́ láti fi darí dírónì.
Ààlà: ibi tí oko ẹnì kan parí sí, tí ti ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀.
Akéde: ẹni tó ń lu agogo, tó ń sọ ọ̀rọ̀ fún gbogbo ìlú.
Fura: kí ènìyàn rò pé ẹnì kan ti ṣe ohun tí kò dára.

Ìbéèrè

1. Abẹ̀bẹ̀ mélòó ni ọ̀pọ̀ dírónì kékeré ní?
2. Ọdún wo ni dírónì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀jẹ̀ ní Rwanda?
3. Kí ló ti dírónì náà lu ọ̀pẹ?
4. Kẹ́hìndé ní kí wọ́n fi dírónì sílẹ̀ nínú koríko. Ẹ̀rù kí ló ń bà á?
5. Kí ló dé tí akéde kò sọ àwọ̀ ohun tí wọ́n rí?
6. Báwo ni olórí abúlé ṣe mọ̀ pé ọkùnrin ọlọ́kadà kọ́ ló ni dírónì?
7. Kí ló ṣe pàtàkì sí ọ̀dọ́bìnrin náà ju abẹ̀bẹ̀ lọ? Kí ló dé?

Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

1. Ènìyàn máa ń jókòó sínú dírónì kékeré.
2. Ìyá àgbà tẹ bọ́tìnì dírónì náà.
3. Olórí abúlé kọ ohun gbogbo sílẹ̀.
4. Ó dára kí ọmọ tú bátìrì dírónì wò.

Fi ọ̀rọ̀ tó yẹ dí àlàfo

(ààlà, funfun, keje, akéde)

1. Dírónì ọ̀dọ́bìnrin náà jẹ́ ______.
2. Ó já bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀pẹ ______.
3. ______ lu agogo káàkiri abúlé.
4. Ẹbí méjì ń jà lórí ______ oko.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ pín ara yín sí ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Ọ̀kan jẹ́ olórí abúlé, ọ̀kan jẹ́ ẹni tó rí nǹkan he, ọ̀kan jẹ́ ẹni tó ni í, ọ̀kan jẹ́ ẹni tó ń purọ́. Ẹ fi aṣọ bo àpò ìwé ọmọ kan. Kí olórí abúlé béèrè ìbéèrè mẹ́ta kó tó gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Ní ilé, bi òbí rẹ tàbí àgbàlagbà kan pé: Ṣé ẹ ti sọ nǹkan nù rí? Ta ló bá yín rí i? Sọ ìdáhùn wọn fún kíláàsì lọ́la.